Owó Gbà-Má-Bínú: Ìtàn Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ẹrù Rẹ̀ Sọnù Nínú Ìfìwéránṣẹ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa, bí akọ̀wé kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ètò ọjọ́ náà. Ọmọ wa kan ní òkè òkun yóò ní òun fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìyá òun, ìyá yóò sì ní òun kò fojú kan aṣọ. Ìyá mìíràn yóò ní òun fi ìwé ẹ̀rí ọmọ òun ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ yóò ní àpò ìwé òfìfo ni ó dé ọwọ́ òun. Nígbà náà ni gbogbo ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé: ta ni yóò san án? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òní. Ó ti lé ní 300 ọdún tí wọ́n ti gbé e dé iwájú adájọ́, ìdáhùn tí wọ́n sì fún un ní ọjọ́ náà ṣì ń bá wa jà títí di ìsinsìnyí. Ìtàn ìdáhùn náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀tọ́ òun ti kéré tó ni yóò fi ẹrù ńlá lé e lórí.

Kí Òyìnbó tó mú lẹ́tà dé, àwọn baba wa ń ránṣẹ́. Wọ́n ń fi àrókò ránṣẹ́, owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ tí a so pọ̀ lọ́nà tí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí yóò fi mọ ohun tí a wí. Ọba a máa rán ìkọ̀, baálé a máa rán ọmọ, oníṣòwò a máa rán aláàrù. Ohun kan ni ó pa gbogbo wọn pọ̀: a mọ ẹni tí a rán. A mọ ilé baba rẹ̀, a mọ ibi tí ó ń sùn, a sì mọ ẹni tí ó dúró fún un. Bí ẹrù bá sọnù, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí a ó bi léèrè. Òótọ́ ni pé àwa Àwórì ní ìtàn ìránṣẹ́ kan tí kò ní ẹlẹ́rìí, èyíinì ni àwo tí àwọn àgbà sọ pé Ọlọ́fin tẹ̀ lé lórí odò Ògùn, tí ó gba Ìṣẹrí kọjá, tí ó sì rì níkẹyìn, tí a fi ń jẹ́ Àwórì. Ṣùgbọ́n rírì àwo yẹn ni jíjẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ti lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́tà bá rì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá a lọ.

Ìránṣẹ́ tí a kò mọ̀ ni ohun tuntun tí ilé ìfìwéránṣẹ́ mú wọ ayé. A na lẹ́tà sí ọwọ́ ẹnì kan lójú fèrèsé, ẹni yẹn fi í sínú àpò, àpò wọ ọkọ̀, ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ṣà á, ẹlòmíràn tún gbé e lọ. Bí ó bá sọnù láàárín wọn, ọwọ́ ta ni ó ti sọnù? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ètò náà ti gbilẹ̀ ṣáájú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ ní ọdún 1701. Ọ̀gbẹ́ni Lane fi ìwé owó ìjọba sínú lẹ́tà, ó fi lẹ́tà náà lé òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé owó náà sì pòórá. Lane pe Sir Robert Cotton àti Sir Thomas Frankland lẹ́jọ́, àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹ́ Ọ̀gá Àgbà ìfìwéránṣẹ́ nígbà náà. Adájọ́ mẹ́rin ni ó jókòó. Àwọn mẹ́ta ní Lane kò ní ẹ̀tọ́ kankan, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe iṣẹ́ oníṣòwò, ọ̀gá kò sì lè máa dáhùn fún ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn tí ìjọba gbà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹrin, John Holt, tí ó jẹ́ olórí wọn, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá gba owó láti ru ẹrù gbọ́dọ̀ dáhùn fún ẹrù, gẹ́gẹ́ bí onílé àlejò àti ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ru ẹrù ti ń dáhùn. Bí a bá gbé ẹjọ́ náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbàlagbà èyíkéyìí ní Ìgàndò, ọ̀dọ̀ Holt ni mo rò pé yóò wà. Àmọ́ mẹ́ta pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ọdún 77 lẹ́yìn náà, ní 1778, wọ́n tún gbìyànjú. Ẹnì kan tí ń jẹ́ Whitfield pàdánù owó bébà £100 tí ó wà nínú lẹ́tà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣa lẹ́tà ni ó jí i. Ó pe Lord Le Despencer, Ọ̀gá Àgbà ìfìwéránṣẹ́, lẹ́jọ́. Adájọ́ Mansfield, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀gá kò jẹ̀bi. Olè gan-an ni kí olówó mú. Ẹ wo irú ìtùnú yìí! Bí ẹni tí ń ṣa lẹ́tà bá ní £100 tí a lè gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé yóò jí ti ẹlòmíràn? Ìmọ̀ràn tí ilé ìfìwéránṣẹ́ wá ń fún àwọn ènìyàn ní ìgbà náà ni pé, bí wọn yóò bá fi owó bébà ránṣẹ́, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, kí wọ́n fi apá kan ránṣẹ́, kí wọ́n sì dúró títí wọn yóò fi gbọ́ pé ó ti dé kí wọ́n tó fi apá kejì ránṣẹ́. Nígbà tí mo ka èyí, àwọn ìyá wa ọlọ́jà ni mo rántí, àwọn tí wọ́n ń di owó kan sí etí ìró, tí wọ́n sì ń di òmíràn sí etí gèlè, kí olè má baà kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òǹkàwé lè bi mí pé, kí ni ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní í ṣe pẹ̀lú ará Ìkòtún? Ó ní í ṣe. Ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Èkó ti wà láti 1852. Ní 6 August 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú. Ní 1863, wọ́n ṣe òfin kan, ẹ̀kẹta nínú àwọn òfin ọdún náà, tí ó pàṣẹ pé láti 4 March, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní ọjọ́ tí òfin yẹn gúnlẹ̀, ìdájọ́ Mansfield bá a gúnlẹ̀, bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀. Nígbà tí Èkó sì ní sítáǹpù tirẹ̀ ní 10 June 1874, tí àwòrán orí Ọbabìnrin Victoria wà lára rẹ̀, ẹni tí ó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà ti san owó gbígbé lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kò ra ìlérí kankan pé a ó san nǹkan fún un bí ó bá sọnù.

Ibo wá ni ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Láti inú lẹ́tà rẹ́jísítà ni. Ní 1841 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣílè kan ni wọ́n ń gbà lé lẹ́tà kan lórí, nígbà tí owó lẹ́tà lásán jẹ́ kọ́bọ̀ kan péré. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó bá fi rẹ́jísítà ránṣẹ́ ń san ìlọ́po 12 lé owó lẹ́tà náà. Kí ni ó ń rí gbà? Ìwé ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí ó bá dé, ẹni tí ó gbà á ń fọwọ́ sí i, ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ sì ń mú rìsíìtì lọ sílé. Kò tíì sí owó fún ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù. Síbẹ̀ ohun ńlá ni, nítorí òun ni ó dá ìránṣẹ́ tí a mọ̀ padà fún wa. Orúkọ wà nínú ìwé ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, a sì lè tọ ipasẹ̀ ẹrù títí dé ibi tí ó ti parẹ́.

Owó fúnra rẹ̀ dé nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀. Ní 9 October 1874, orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Bern ní ilẹ̀ Switzerland, èyí tí ó di àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé tí a ń pè ní UPU. Ní ìpàdé wọn ní Paris ní 1878, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí lẹ́tà rẹ́jísítà bá sọnù, a ó san 50 fàráǹkì fún ẹni tí ó fi í ránṣẹ́, tàbí fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí bí ẹni àkọ́kọ́ bá ní kí a fún un. Iye náà tó bí £2 ní owó Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn. Wọ́n yọ ohun tí ó bá ju agbára ẹ̀dá lọ sílẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ilẹ̀ kan tí kò sí ní Yúróòpù, tí òfin wọn kò tíì fara mọ́ irú ìsanwó bẹ́ẹ̀, láyè pé kí wọ́n dúró ná. Èkó wọ inú àjọ náà ní 1 January 1879, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí a tẹsẹ̀ dúró díẹ̀ lórí 50 fàráǹkì yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọn kò ní kí a wo ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà. Bí ó ṣe ìwé ilẹ̀ ni o, bí ó ṣe àwòrán ìgbéyàwó ni o, 50 fàráǹkì ni. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Bí mo bá fọ́ ìkòkò rẹ, tí mo sì ra ìkòkò mìíràn tí ó bá a dọ́gba fún ọ, mo san án padà. Bí mo bá fọ́ ọ, tí mo mú ohun díẹ̀ lọ́wọ́ wá bẹ̀ ọ́, ohun tí mo mú wá ni à ń pè ní gbà-má-bínú. Orúkọ yìí sọ òtítọ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé òfin lọ. Láti 1878 títí di òní, gbà-má-bínú ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń ṣèlérí fún ẹni tí rẹ́jísítà rẹ̀ bá sọnù. Ìsanpadà kò fìgbà kan wà nínú ìlérí náà, àyàfi fún ẹni tí ó bá sọ iye ẹrù rẹ̀ fún wọn ṣáájú, tí ó sì san owó adójútòfò lé e lórí.

Ní ìhà tiwa níbí, ọ̀nà ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró fún àwọn ará oko àti abúlé tí ó yí i ká. Abúlé ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà. Ilé kò ní nọ́ńbà, òpópó kò ní orúkọ. Nítorí náà, lẹ́tà kì í wá sí ilé ẹni. Ó ń wá sí ọwọ́ ẹni tí a mọ̀. Wọn a kọ orúkọ ẹni tí ó ni í, wọn a sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí ó gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, tàbí ti àlùfáà ìjọ kan. Báyìí ni àwa olùkọ́ ṣe di ilé ìfìwéránṣẹ́ láìgba owó oṣù rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ ni pé, ní ojú òfin, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ parí ní ibi tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà lé ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fọwọ́ sí rẹ́jísítà, ilé ìfìwéránṣẹ́ ti bọ́. Bí ọ̀gá bá wá fi lẹ́tà náà rán ọmọ ilé-ìwé sí baba kan ní oko, tí òjò sì pa ọmọ lójú ọ̀nà, tàbí tí ọmọ fi í sílẹ̀ níbi tí ó ti ń gba bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tí a ó béèrè 50 fàráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé nípasẹ̀ ọ́fíìsì ẹnì kan tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, ìfọwọ́sí ẹni yẹn ni ó ń pa ẹ̀tọ́ yín dé.

Ní ti owó, àwọn tí wọ́n gbọ́n kì í fi owó bébà sínú lẹ́tà. Pósítà ọ́dà ni wọ́n ń rà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1881, tí ó sì wá wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà fún owó ìdánwò, owó ìwé ìròyìn àti owó ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ láti òkèèrè. Ẹni tí ó rà á a máa ya etí rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára etí náà. Lọ́nà yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilẹ̀ wa fi san owó ẹ̀kọ́ Wolsey Hall ní Oxford, tí wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀kọ́ wọn láti inú àpò lẹ́tà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọ inú ọgbà rẹ̀. Ẹ rò ó wò, iye ọjọ́ iwájú tí ó wà nínú àpò kan ṣoṣo lórí omi.

Omi náà kò sì fìgbà gbogbo dára. Nígbà ogun Hitler, àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster tí ń kó èrò, ẹrù àti lẹ́tà láàárín Liverpool àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan: Accra ní July 1940, Apapa ní November ọdún kan náà, Adda ní June 1941, Abosso ní October 1942. Ogun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ju agbára ẹ̀dá lọ. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rì kò lè fi rìsíìtì gba ohunkóhun, bí rìsíìtì náà tilẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ tí a kọ ọ́. Èmi kò bá òfin jà lórí èyí. Àwọn tí ẹ̀mí wọn bá a lọ kò níye.

Ẹjọ́ tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti 1957. Ilé-iṣẹ́ Triefus ní Lọ́ńdọ̀nù fi òkúta dáyámọ́ǹdì ránṣẹ́ sí New Zealand nínú ìdì méjì, wọ́n sì fi rẹ́jísítà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ jí méjèèjì. Òfin 1947 ti fún àwọn ènìyàn láyè díẹ̀ láti pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ́jísítà tí ó sọnù láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ń lọ sí òkè òkun kò sí nínú rẹ̀. Triefus wá gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní nígbà tí àwọn san owó, tí a sì gbà á, àdéhùn ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá o, kò sí àdéhùn. Ọdún 179 ti kọjá lẹ́yìn Mansfield, olè ti yàtọ̀, ọjà ti yàtọ̀, ìdáhùn kò yàtọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́ yìí ni a gba òmìnira, nígbà tí Ìpín Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ṣáájú kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967. Ní 10 July 1961, Nàìjíríà wọ inú UPU ní orúkọ ara rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí gbà-má-bínú kò fìgbà kan kà sí rárá: àǹfààní tí ó bá ẹrù sọnù. Bí a bá ka gbogbo àdéhùn UPU, a kò ní rí ibi tí wọ́n ti ní kí a san owó èrè tí kò wọlé mọ́, tàbí ọdún tí ó ṣòfò. Wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ kedere. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọmọ tí orí rẹ̀ pé gidi, ń dúró de lẹ́tà ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ní ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ tí a lè tẹ̀ kí a rí orúkọ ẹni; lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà náà fi wọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti ń ṣe ìdánwò sáà kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Lẹ́tà lásán ni, kò ní nọ́ńbà, kò ní rìsíìtì. Kódà bí ó bá jẹ́ rẹ́jísítà, kí ni wọn ìbá san fún un? Lẹ́tà kò kúkú sọnù. Ó pẹ́ ni. Ó padà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó ti ta aṣọ láti fi kó owó rẹ̀ jọ kò dúró de ọjọ́ náà.

Ní 1985, ìjọba pín ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní P&T sí méjì: tẹlifóònù di NITEL, lẹ́tà di NIPOST. Òfin 1992 ni ó sọ NIPOST di àjọ tí ó dá dúró. Àwọn orúkọ yí padà. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò gbà-má-bínú kò kúrò lójú ọ̀nà 1878. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ kúrò níbẹ̀, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ìṣirò bá mi wò. Fàráǹkì tí wọ́n fi kọ àdéhùn àkọ́kọ́ jẹ́ owó wúrà. Wúrà tí ó wà nínú 50 fàráǹkì tó gíráàmù 14.5. Bí a bá gbé gíráàmù 14.5 wúrà dé ọjà lónìí, yóò ju 1,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ. Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, iye tí UPU ń lò fún lẹ́tà rẹ́jísítà tí ó sọnù jẹ́ 30 SDR, èyí tí í ṣe owó ìṣirò àjọ IMF, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju 40 dọ́là lọ. Fún ìdì ẹrù, 40 SDR ni, pẹ̀lú 4.50 SDR lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ìdì aṣọ àrán àti léèsì tí ó wọn kílò 10 yóò mú 85 SDR wá, ìyẹn lé díẹ̀ ní 110 dọ́là, kódà bí ọlọ́jà bá gba ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ojú ìwọ̀n ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo ojú aṣọ.

Àwọn kan nínú wa rò pé àwọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí nípa fífi ẹrù ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń gbé ẹrù kíákíá. Wọ́n yára lóòótọ́, wọ́n sì ń jẹ́ kí a mọ ibi tí ẹrù dé. Síbẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kéré bí èèrà. Fún ẹrù tí ń gba inú ọkọ̀ òfúrufú kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àdéhùn Montreal ti 1999 fi ààlà sí ohun tí a lè gbà: 22 SDR lórí kílò kan ni fún ọdún mélòó kan, ó sì di 26 láti 28 December 2024, àyàfi bí ẹ bá ti sọ iye ẹrù náà ṣáájú, tí ẹ sì san àfikún owó. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó fi lẹ́tà sínú ọkọ̀ òfúrufú, àdéhùn kan náà sọ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni ọkọ̀ yóò dá lóhùn. Ẹni tí ó ni lẹ́tà kò ní ọ̀rọ̀ bá a sọ.

Nílé níbí, wébíìlì ni ó gba òde. Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ ní Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá, ẹ ó rí ìdì ẹrù tí a fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù sí lára, tí awakọ̀ ń kó sábẹ́ àga. Ní ọ̀nà kan, a ti padà sí ọ̀dọ̀ aláàrù àwọn baba wa. A rí ojú ẹni tí a rán, a sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n baba wa mọ ilé aláàrù. Àwa mọ nọ́ńbà tí ó lè kú lọ́la. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ ní ibùdó, kì í ṣe lọ́wọ́ awakọ̀ nìkan, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ iye tí ẹrù náà tó sára rẹ̀. Bí awakọ̀ bá gbà pé òun so ẹrù nù, tí ó sì fọwọ́ sí iye tí yóò san, ó ti di gbèsè tí iye rẹ̀ dájú, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní ilé-ẹjọ́ fún irú gbèsè kékeré bẹ́ẹ̀ láti 2018, tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí ohunkóhun, ọ̀nà náà jìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi jù lọ. Bí ìdì ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston kò bá dé Ìgàndò, ìyá yín kọ́ ni yóò lọ béèrè. Láti 1878, ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ ni ó ni ẹ̀tọ́ náà, àyàfi bí ó bá fi í lé ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ó gba ẹrù lọ́wọ́ yín ni ẹ ó lọ, pẹ̀lú rìsíìtì ìfiránṣẹ́ àti ìwé tí ó fi iye ẹrù hàn. Àdéhùn UPU fún yín ní oṣù mẹ́fà láti béèrè ibi tí ẹrù wà. Ṣùgbọ́n Royal Mail ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ìwé ìbéèrè owó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ 80 tó pé, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà sì fi ọjọ́ 60 sí ẹrù inú ilẹ̀ rẹ̀ tí a fi adójútòfò lé lórí. Ọjọ́ tí ẹ fi ẹrù ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á. Wọn kì í kà á láti ọjọ́ tí ìyá pè láti Ìgàndò pé òun kò tíì rí nǹkan kan.